Ètò Títún Ìlú Tẹ̀dó Ju Ìrẹsì àti Ẹní Lọ

Òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru. Àwọn baba wa tí wọ́n pa òwe yìí mọ omi dáadáa. Wọ́n mọ̀ pé nígbà tí ìgbì bá dìde, ẹni tí ó bá fi ìwàǹwára wa ọkọ̀ ni yóò kọ́kọ́ rì. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ìlú wa tí ó wà ní etí òkun ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, a óò rí i pé ìwàǹwára ni a fi ń bá ọ̀rọ̀ náà lò láti ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ sẹ́yìn. Omi yóò ya wọ ìlú lóru, ilé yóò wó, ariwo yóò ta. Àwọn aláṣẹ yóò wọ ọkọ̀ ojú omi láti Igbókòdá, wọn yóò wá fi ojú ara wọn rí i, wọn yóò sì káàánú. Ìrẹsì yóò dé, ẹní yóò dé, kúbùsù yóò dé. Bí ó bá fi máa tó oṣù mẹ́ta, kò sí ẹni tí yóò tún dárúkọ ìlú náà mọ́, àfi ìgbà tí omi bá tún padà wá.

A kò sọ pé kí á má fún ẹni tí ebi ń pa ní oúnjẹ. Ohun tí a ń sọ ni pé oúnjẹ kì í tún ìlú tẹ̀dó. Ìlú tí òkun ń gbà nílò ètò tí ó lè gba ogún ọdún, tí a kọ sínú ìwé, tí owó wà fún, tí a sì mọ ẹni tí yóò dáhùn fún un. Ìgbà tí ó yẹ kí á ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ ni ìgbà tí ẹsẹ̀ ṣì tẹ ilẹ̀, kì í ṣe òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí omi wọlé.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ wà ní Kánò, ní Kàdúná tàbí ní Jọ́ọ̀sì bi wá pé, kí ni ó kan òun nínú ọ̀rọ̀ òkun, níbi tí ọyẹ́ àti eruku gbé ń bá òun fà á? Ó kàn yín. Àwọn tí ó wà ní Lọ́kọ́ja ní ọdún 2012 àti ní ọdún 2022 kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún wọn ohun tí omi lè ṣe. Àkúnya omi ti ọdún 2012 pa ènìyàn 363 ní orílẹ̀-èdè yìí, ó sì lé àwọn tí ó ju mílíọ̀nù méjì lọ kúrò nílé wọn. Àwọn ọmọ Ìlàjẹ pàápàá kò sí nílé nìkan. Láti Èkó títí dé Bàyélsà, Rivers, Akwa Ibom àti Cross River ni wọ́n ti ń pẹja, tí wọ́n sì tẹ abúlé dó sí etí omi. Púpọ̀ nínú wọn ni ó ń fi owó ránṣẹ́ sílé láti kọ́ ilé tí wọn yóò padà sí ní ọjọ́ ogbó. Ilé làbọ̀ sinmi oko, a máa ń wí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Níbo ni ẹni tí òkun ti gba ilé rẹ̀ yóò ti sinmi?

Ẹ jẹ́ kí á mú ìlú Ayétòrò. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1947 ni àwọn onígbàgbọ́ kan, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Àpósítélì Mímọ́, tẹ ìlú náà dó sórí ẹrẹ̀ etí òkun. Àpò kan náà ni gbogbo wọn ń ná. Wọ́n kọ́ ilé pákó sórí òpó, wọ́n fi pákó ṣe títì àárín ìlú, wọ́n gbẹ́ ojú omi tí ọkọ̀ lè gbà. Wọ́n hun aṣọ, wọ́n ṣe bàtà, wọ́n kan ọkọ̀ ojú omi. Ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí àtùpà elépo ni ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ṣì fi ń ríran, iná mànàmáná ti ń tàn ní Ayétòrò. Òkìkí wọn kàn dé òkè òkun tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀mọ̀wé kan láti ilẹ̀ Kánádà, Stanley Barrett, fi kọ odidi ìwé kan nípa wọn, tí ó jáde ní ọdún 1977.

A mẹ́nu ba ìtàn yìí nítorí àwọn kan tí wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ àwọn ará etí òkun bí ẹni pé aláìní tí ń dúró de ìtọrẹ ni wọ́n láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ìlú dó sórí ẹrẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lè tẹ òmíràn dó, bí ó bá rí ilẹ̀ àti àkókò.

Lónìí, apá tí ó pọ̀ nínú ìlú náà ti wà lábẹ́ omi. Òkun ti gba ilé ẹ̀kọ́, ó ti gba ilé ìwòsàn, ó ti gba ilé iṣẹ́ àti itẹ́ òkú, pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọgọ́rùn-ún ilé. Bí àgbàlagbà kan bá fẹ́ fi ibi tí wọ́n bí i sí han ọmọ rẹ̀, ojú òkun ni yóò na ìka sí. Kì í ṣe Ayétòrò nìkan. Awóyè àti Mọlúmẹ̀ ti ń sá fún omi tipẹ́, tí wọ́n ń tú ilé wọn tí wọ́n sì ń tún un kọ́ sẹ́yìn díẹ̀, tí omi sì ń tẹ̀ lé wọn.

Àwọn tí wọ́n kọ́ ẹ̀kọ́ nípa òkun ti ṣàlàyé ohun tí ó fà á. Etí òkun Màhìn kò rí bí ti Èkó. Yanrìn ni ti Èkó. Ẹrẹ̀ ni ti Màhìn, fún nǹkan bí kìlómítà 75. Yanrìn tí ìgbì ń wọ́ bọ̀ láti ìhà ìwọ̀-oòrùn kì í dé ọ̀dọ̀ wọn, nítorí pé ọ̀gbun jíjìn kan wà lábẹ́ òkun tí ń gbé e mì lójú ọ̀nà. Ẹrẹ̀ kò sì lè bá ìgbì jà. Lẹ́yìn èyí ni ti ọwọ́ ènìyàn. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn tí ń wa epo gbẹ́ ojú omi láti òkun wọ inú irà ní agbègbè Awóyè. Omi iyọ̀ gba ibẹ̀ wọlé, ó pa igbó tí gbòǹgbò rẹ̀ di ilẹ̀ mú, ó sì ba omi tí àwọn ènìyàn ń mu jẹ́. Òkun fúnra rẹ̀ ti fi nǹkan bí ogún sẹ̀ǹtímítà ga ju bí ó ti wà ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, nítorí ayé ń gbóná sí i. Ní àwọn ibòmíràn ní etí òkun yìí, ilẹ̀ tí ó ju mítà 10 lọ ni omi ń jẹ lọ́dún kan ṣoṣo.

Ẹni tí ó bá ka gbogbo èyí yóò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ìjì tí ó jà lọ́jọ́ kan tí ó sì kọjá. Àlejò tí a mọ̀ pé ó ń bọ̀ ni, a tilẹ̀ mọ oṣù tí ó máa ń dé. Kò sí àwáwí kankan fún wa láti má ṣe ètò sílẹ̀ dè é.

Ètò kan ṣoṣo ni a ti gbọ́ láti ọjọ́ yìí wá: odi. Ní ọdún 2004, Àjọ NDDC gbé iṣẹ́ odi tí yóò dènà omi fún Ayétòrò jáde, iye owó rẹ̀ sì lé ní bílíọ̀nù 6 náírà. Odi kò yọ. Ní ọdún 2009, wọ́n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe àkọ́kọ́, wọ́n gbé e fún òmíràn. Odi kò yọ síbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí ní Ayétòrò ní ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ bu ọwọ́ lu ìwé iṣẹ́ náà ti kọjá ẹni ogún ọdún báyìí. Ó ti tó ẹni tí ń dìbò. A kò jókòó láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ níhìn-ín. Iṣẹ́ ilé ẹjọ́ ni ìyẹn. Ohun tí ó dùn wá jù ni pé ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, nígbà tí odi kò dé, kò sí ètò kejì. Kò sí ẹni tí ó ya ilẹ̀ kankan sọ́tọ̀. Gbogbo ẹyin ni a kó sínú agbọ̀n kan ṣoṣo, agbọ̀n náà kò sì dé ọjà.

Odi pàápàá ní wàhálà tirẹ̀. Ní Èkó, nígbà tí ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi òkúta ńláńlá ṣe apá méjì sí ẹnu ọ̀sà láàárín ọdún 1908 sí 1912 kí ọkọ̀ ńlá lè máa wọlé, yanrìn tí ń lọ sí ìhà ìlà-oòrùn kò rí ọ̀nà kọjá mọ́. Láti ìgbà náà ni òkun ti bẹ̀rẹ̀ sí jẹ etí ilẹ̀ Victoria Island. Ohun tí a ṣe fún ire ibì kan di ìyà fún ibòmíràn. Nítorí náà, odi tí a bá kọ́ fún Ayétòrò nìkan lè ti ìyà náà sí abúlé tí ó tẹ̀ lé e. A fẹ́ odi o, ṣùgbọ́n odi tí a wọ̀n mọ́ gbogbo etí òkun náà, tí ètò ibùgbé sì bá rìn.

Kò pọn dandan kí á lọ jìnnà láti rí ibi tí wọ́n ti gbìyànjú irú rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gánà, ìlú kan wà tí ń jẹ́ Keta, tí ó há sí àárín òkun àti ọ̀sà. Òkun ti ń gba ilé níbẹ̀ láti ayé àwọn òyìnbó. Láàárín ọdún 1999 sí 2004, ìjọba Gánà ṣe iṣẹ́ ńlá kan níbẹ̀. Wọ́n na apá òkúta wọ inú òkun kí ó lè máa di yanrìn mú, wọ́n ṣe ọ̀nà gíga láti Keta lọ sí Kedzi. Èyí tí ó wù wá jù ni pé wọ́n fi yanrìn kún apá kan ọ̀sà, wọ́n sì pín ilẹ̀ titun náà fún àwọn tí òkun ti gba ilé wọn. Wọn kò kó apẹja lọ sí orí òkè tí kò ti ní gbọ́ ìró omi. Síbẹ̀, ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, omi tún ya wọ ibi tí odi kò dé ní agbègbè náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì pàdánù ilé. Iṣẹ́ náà dára, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú.

Ibi tí a ti lè kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ìwé àti àkọsílẹ̀ ni Aceh, ní ilẹ̀ Indonéṣíà. Ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún 2004, ilẹ̀ mì lábẹ́ òkun, omi dìde bí ògiri, ó sì pa àwọn tí ó lé ní 160,000 ní Aceh nìkan. Ní oṣù kẹrin ọdún 2005, ìjọba wọn dá àjọ kan sílẹ̀ fún títún ìlú kọ́, wọ́n sì fún un ní ọdún mẹ́rin péré. Nígbà tí ọdún mẹ́rin pé, wọ́n tú àjọ náà ká gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti sọ. Ilé tí ó lé ní 120,000 ni a ti kọ́ nígbà náà. Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀: àjọ tí ó mọ ọjọ́ tí òun yóò kú kì í fi iṣẹ́ falẹ̀. Omi ti gbé ìwé ilẹ̀ lọ, ó ti gbé ọ́fíìsì tí ìwé wà lọ, ó sì ti gbé àwọn akọ̀wé lọ pẹ̀lú. Àwọn ará abúlé fúnra wọn ni ó jáde, tí aládùúgbò ń fi ààlà han aládùúgbò, tí wọ́n ń bu ọwọ́ lùwé fún ara wọn, kí àwọn awọnlẹ̀ ìjọba tó wá wọ̀n ọ́n.

Owó nìkan kò sì lè ṣe é. Ilẹ̀ Jàpáàn lówó ju wa lọ. Lẹ́yìn tí òkun gba ìlú Rikuzentakata ní oṣù kẹta ọdún 2011, wọ́n gé òkè, wọ́n kó erùpẹ̀ rẹ̀ láti fi gbé ilẹ̀ ìlú náà ga ní nǹkan bí mítà 10. Iṣẹ́ náà gba ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí yóò fi parí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ṣe é fún ti rí ibòmíràn gbé, ilẹ̀ púpọ̀ sì ṣófo títí. Ẹni tí ó ń dúró de ilé nílò iṣẹ́ àti ilé ẹ̀kọ́ fún ọmọ rẹ̀ lónìí. Kì í ṣe ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá pé pérépéré.

Nítorí náà, kí ni a fẹ́ kí ó wà nínú ètò ti Ìlàjẹ? Ilẹ̀ ni àkọ́kọ́, ilẹ̀ náà sì ni ó le jù. Òfin Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Gómìnà lè ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ lónìí, kí ó sì san ẹ̀tọ́ àwọn tí wọ́n ni ín fún wọn, kí ìjà tó dé. Bí a bá dúró di ọjọ́ tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn bá ń wá ibi sùn, olówó ilẹ̀ yóò gbé e wọ́n, ìjà ààlà yóò sì dé. Ilẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ga, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọkọ̀ lè gbà dé òkun láàárín àkókò tí kò pọ̀. Èrò tiwa ni pé kí ìlú ní ẹsẹ̀ méjì: kí ilé, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn wà lókè, kí èbúté, ibi ìtún-àwọ̀n-ṣe àti ibi ìkan-ọkọ̀ wà létí omi, ní pákó tí a lè tú tí a sì lè gbé sẹ́yìn bí omi bá ti ń bọ̀. Àwọn obìnrin tí ń yan ẹja ni kí á kọ́kọ́ bi léèrè ibi tí ààrò yóò wà, nítorí pé ọwọ́ wọn ni owó ìlú wà. Ó máa ń yà wá lẹ́nu pé a kì í rí wọn níbi ìpàdé tí a ti ń pinnu irú nǹkan báyìí.

Kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ilé ẹ̀kọ́ lọ. Ibi tí ọmọ bá ti ń kàwé ni ìyá yóò tẹ̀ lé e lọ, bàbá yóò sì bá wọn níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Èyí sàn ju kí wọ́n kọ́ igba ilé sí inú oko kan, kí wọ́n ṣí i pẹ̀lú ìlù àti ijó, kí ewúrẹ́ sì wá máa gbé inú rẹ̀.

Ní ti owó, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò sí. Láti ọdún 1981 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní owó àkànṣe kan fún ọ̀gbàrá àti irú ìṣòro ilẹ̀ báyìí. Ìpínlẹ̀ Oǹdó sì ń gba ìdá mẹ́tàlá nínú ọgọ́rùn-ún tí ó tọ́ sí ìpínlẹ̀ tí epo ti ń jáde. Agbègbè Ìlàjẹ ni epo náà ti ń jáde. Omi tí ń gba ilé wọn náà ni ó ń mú owó wá fún wa. Bí a bá ya apá kan rẹ̀ sọ́tọ̀ lọ́dọọdún nípa òfin, tí gómìnà tí ń bọ̀ kò sì lè fi ọwọ́ kàn án láìjẹ́ pé ilé aṣòfin fọwọ́ sí i, ogún ọdún kò ní pẹ́ jù.

A mọ̀ pé àwọn àgbà kan wà tí wọn kò fẹ́ gbọ́ pé kí wọ́n ṣí kúrò. Wọ́n ní ibi tí àdúrà gbé tẹ̀dó ni, ibẹ̀ ni àwọn baba àwọn sùn sí. A bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí. Kò sí ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti fi ọlọ́pàá lé wọn. Ṣùgbọ́n ètò tí a ń sọ kò lé ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀kùn ni ó ń ṣí sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ lónìí yóò lọ, ẹni tí ó bá fẹ́ lọ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá yóò bá àyè rẹ̀ níbẹ̀. Lọ́wọ́ báyìí, ẹni tí ó fẹ́ lọ kò ní ibi tí yóò lọ, àfi ilé ẹbí ní Igbókòdá tàbí yàrá ẹyọ kan ní Èkó, ìlú sì ń tú ká bí ẹní tí okùn rẹ̀ já.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìdálẹ̀ ní iṣẹ́ pàtàkì kan nínú rẹ̀, kì í sì í ṣe owó nìkan. Kò sí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí kò ní akọ̀wé. Kí akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí kọ orúkọ ìdílé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ibi tí ilé wọn wà, ọdún tí omi gbà á, aládùúgbò wọn ní ọwọ́ ọ̀tún àti ní ọwọ́ òsì. Ẹ jẹ́ kí àwọn arúgbó tí ó wà lọ́dọ̀ yín sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n ṣì ń rántí. Bí ẹ bá ní àwòrán àtijọ́ ti ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú tí ilé kan hàn lẹ́yìn àwọn tí ó dúró, ẹ má jù ú nù, ẹ̀rí ni. Nínú yín ni a ti rí amòfin, awọnlẹ̀ àti onímọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba ìpínlẹ̀ mìíràn. Kí wọ́n fi ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan ya ilẹ̀ àwọn baba wọn sínú ìwé. Owó tí ẹgbẹ́ mìíràn ń ná sí aṣọ àjọdún kan ṣoṣo lè tó ná fún iṣẹ́ náà, bí inú kò bá ní bí àwọn tí ó ti ra aṣọ tiwọn.

Nígbà tí ìwé bá ti wà lọ́wọ́, kí ẹgbẹ́ kọ̀wé sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní Àkúrẹ́, kí wọ́n fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ ní Igbókòdá, kí wọ́n sì bèèrè ohun mẹ́ta péré: ilẹ̀ wo, ọdún wo, ta ni yóò dáhùn fún un? Kí wọ́n so orúkọ àwọn ìdílé mọ́ ọn. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó dára jù láti ṣe é, nígbà tí òkun bá fà sẹ́yìn díẹ̀, tí àwọn tí ó wà nílé lè ráyè jókòó pẹ̀lú awọnlẹ̀ kí òjò tó dé.